Abẹ́rẹ́ àwọn ará Ṣáínà fún ìsoríkọ́: ta ló ti gbà á rí?

Àdùkẹ́ Peckham: Ẹ kú ilé o. Látìgbà tí òtútù ti dé, nǹkan kan ò dùn mọ́ mi. Mò ń lọ síbi iṣẹ́, mò ń rẹ́rìn-ín, ó tán síbẹ̀. Ìbéèrè mẹ́sàn-án ni dókítà bi mí, mo gba máàkì 8. Ó ní ìsoríkọ́ ni, àmọ́ kò tíì le. Ọ̀rẹ́ mi wá ní kí n lọ gba abẹ́rẹ́ Ṣáínà.

Bàbá Ìbejì: Gbẹ́rẹ́ ilé wa, ẹ ní ti kèfèrí ni. Ẹ wá ń sanwó kí Ṣáínà gún yín!

Ìyá Sùúrù: Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni mo lọ. Abẹ́rẹ́ náà tín-ín-rín bí irun, kò sóògùn nínú ẹ̀. Ará Ṣáínà tó gún mi ki ọ̀kan sí àtàrí mi, ọ̀kan sáàárín ìpéǹpéjú, ọ̀kọ̀ọ̀kan sẹ́sẹ̀ méjèèjì, lẹ́bàá àtàǹpàkò. Tẹsẹ̀ yẹn dà bí ìgbà tíná gbé èèyàn! Ó pa iná yàrá, ó ní kí n sinmi. Nígbà kẹta, mo sùn, mo tún hanrun. Oorun alẹ́ mi padà. Àmọ́ mi ò lè búra, torí ìgbà yẹn náà ni mo fi iṣẹ́ alẹ́ sílẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Èló?

Ìyá Sùúrù: £45 lẹ́ẹ̀kan.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Owó yẹn gan-an tó fa ìsoríkọ́.

Nọ́ọ̀sì Leeds: Wọ́n ti dán an wò ní àríwá England, èèyàn 755, èsì ẹ̀ jáde ní 2013. Lóṣù mẹ́ta, ara àwọn tó gba abẹ́rẹ́ kún ìtọ́jú wọn yá ju tàwọn tí ò gbà á lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó kàn ń bá olùdámọ̀ràn sọ̀rọ̀ náà yá bẹ́ẹ̀. Wọn ò fi abẹ́rẹ́ ẹ̀tàn, èyí tó kàn jọ ojúlówó, wé e, ẹ ò lè mọ̀ bóyá abẹ́rẹ́ ló ṣiṣẹ́ ni àbí ẹni tó jókòó tì wọ́n. Tiwọn sì le ju tìẹ lọ, Àdùkẹ́. Pe NHS, ètò ìlera ìjọba níbí, fún ọ̀rọ̀ sísọ ná, o ò nílò ìwé dókítà.

Ìyá Sùúrù: Bàbá Ìbejì, abẹ́ kan ni wọ́n fi ń sín gbogbo ilé ní gbẹ́rẹ́. Tèmi, ojú mi ló ṣe tú u nínú ọ̀rá.

Àkànbí: Abẹ́ kan kẹ̀? L'Ọ́yọ̀ọ́ tiwa, kálukú ló ń mú bíléèdì tiẹ̀ wá. Ẹ má bà wá lórúkọ jẹ́.

Tóyọ̀sí: Pásítọ̀ ní kí n gbààwẹ̀. Ebi ló pa mí.

Àdùkẹ́ Peckham: 😂 Mo ti pè wọ́n o. Ìyá Sùúrù, ẹ ṣì fi nọ́ńbà Ṣáínà yẹn ránṣẹ́ sí mi.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ bá mi bi í bóyá ó ń gba díẹ̀díẹ̀.