Ẹ̀yin ayàwòrán, kí lẹ máa ń ṣe tí iṣẹ́ bá sú yín?

Àdùkẹ́ Alápẹ́ńsù

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ dákun, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ìbàdàn ni mo ń gbé. Lójú mọmọ, ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́: fọ́tòkọ́pì, káàdì ìkíni, ìwé ìpè ìgbéyàwó. Alẹ́ ni mo fi ń yàwòrán. Ìwé àwọn ọmọdé ni ọkàn mi fẹ́, irú èyí tí ọmọ tí kò tíì mọ̀wé kà á fi àwòrán inú rẹ̀ mọ ìtàn. Mo ti ya ti àwọn òǹkọ̀wé mélòó kan tí wọ́n ń fi owó ara wọn tẹ ìwé wọn.

Ohun tó ń dùn mí nìyí. Gbogbo ẹni tí mo bá yà, ojú kan náà ni wọ́n ní. Ìyá àgbà, ọmọdé, ọlọ́pàá, àfi bíi pé ìyá kan náà ló bí wọn. Ti ọwọ́ ni kò tiẹ̀ ṣeé sọ. Tí mi ò bá fi pamọ́ sẹ́yìn, mo ti kì í bọ àpò. Òǹkọ̀wé kan bi mí láìpẹ́ pé kí ló dé tí gbogbo ọmọ inú ìwé òun ń ká ọwọ́ sẹ́yìn, ṣé tíṣà fẹ́ nà wọ́n ni. Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára.

Oníbàárà mìíràn tí mo ń retí iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ wá fi àwòrán kan ránṣẹ́, ó ní AI ló yà á fún òun lọ́fẹ̀ẹ́, kí n kàn bá òun tún un ṣe díẹ̀. Láti ìgbà náà, bí mo bá ṣí ìwé ìyàwòrán mi, ọwọ́ mi kì í gbé. Màá wá gbé fóònù, màá máa wo iṣẹ́ àwọn ará Bràsíl àti Jàpáánì títí oorun á fi gbé mi lọ.

Ṣé kí n lọ sí Yaba Tech ni? Ṣé kí n fi owó àjọ mi ra tablet? Báwo lẹ̀yin ṣe ń ṣe é tí kò fi ń sú yín?

Jẹ́jẹ́ Layé

Àdùkẹ́, jẹ́ n bá ẹ sòótọ́. AI ti gba iṣẹ́ yìí. Fi owó àjọ yẹn kọ́ bí wọ́n ṣe ń ránṣọ tàbí bí wọ́n ṣe ń ṣe kéèkì. Má bínú o.

Bàbá Tádàwà

Jẹ́jẹ́, mo ti rí ẹni tó ń ránṣọ tí iṣẹ́ ìránṣọ náà sú. Fi ọmọ yìí sílẹ̀.

Àdùkẹ́ ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Ká tó dé orí tablet, jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ ọwọ́ tí ò ń fi pamọ́. Àwa tá a ya àwòrán inú ìwé ilé ẹ̀kọ́ láyé tádàwà dúdú àti bébà funfun, olóòtú kì í gba iṣẹ́ gbàrọgùdù lọ́wọ́ wa. Bí o bá fi ọwọ́ pamọ́, á dá a padà fún ọ.

Gbé ọwọ́ òsì rẹ wá síwájú, òun lo máa yà, kò sẹ́ni tó máa gbowó lọ́wọ́ rẹ torí rẹ̀. Kọ́kọ́ fi lé ojú rẹ: bí ìdí àtẹ́lẹwọ́ bá wà ní àgbọ̀n, orí ìka àárín á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ibi tí irun ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, bí ọwọ́ tí o yà bá kéré ju ojú ẹni náà lọ dáadáa, ọwọ́ ọmọ lo so mọ́ àgbàlagbà. Má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí ìka. Àtẹ́lẹwọ́ ni kí o kọ́kọ́ yà, onígun mẹ́rin, lẹ́yìn náà àtàǹpàkò lọ́tọ̀, torí ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀. Kó ìka mẹ́rin yòókù pọ̀ bí ẹyọ kan ṣoṣo kí o tó pín wọn. Oríkèé wọn kì í tò sójú ìlà kan gbọọrọ, ó máa ń tẹ̀.

Ó kan ti ojú. Àárín orí gan-an ni ẹyinjú máa ń wà, láàrin àtàrí àti àgbọ̀n. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ máa ń gbé e sókè jù, torí kò ka irun mọ́ orí. Ti ọmọdé sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ sí i, iwájú orí wọn ló tóbi. Àgbàlagbà tó dúró gùn tó orí méje tàbí méje ààbọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, bí orí márùn-ún ni. Mi ò tíì rí iṣẹ́ rẹ, àmọ́ bó bá jẹ́ ojú kan náà ni gbogbo wọn ní, á jẹ́ pé àgbàlagbà kékeré lò ń pè lọ́mọdé.

Àwọn agbẹ́gilére wa mọ òdiwọ̀n yìí, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni. Wo ère ìbejì: orí nìkan lè gba ìdá kan nínú mẹ́rin, àní ìdá kan nínú mẹ́ta, torí orí ni wọ́n fẹ́ kí èèyàn rí. Ìyẹn yàtọ̀ sí kéèyàn má mọ̀ ọ́n.

Lọ jókòó ti ìyá aláta kan ní Bódìjà. Ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ kó má bàa lé ọ, kí o wá máa fi bíírò yà á. Mo ní bíírò, kí o má bàa máa parẹ́.

Tíṣà Ọ̀ṣogbo

Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Èmi fẹ́ dáhùn ti ilé ẹ̀kọ́.

Àdùkẹ́, bí ọ̀nà bá là, lọ. Ohun tí ilé ẹ̀kọ́ máa fún ọ ju ìwé ẹ̀rí lọ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ tí wọn á máa wo iṣẹ́ rẹ lójú, tí wọn á sì sọ pé apá yìí kò dáa. Àmọ́ má jókòó máa dúró dè é. Àìná Ọnàbólú, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, wíwo àwòrán inú ìwé ìròyìn àwọn òyìnbó, kó sì máa yà á tẹ̀lé e, ló fi kọ́ ara rẹ̀ láti kékeré. Ó ti ń ya àwọn gbajúmọ̀ Èkó ní 1906. Ọdún 1920 ló tó lọ kọ́ ọ ní London. Akínọlá Láṣẹ́kàn, ọmọ Ọ̀wọ̀, tó ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ òṣèlú fún ìwé ìròyìn West African Pilot, tó ń buwọ́ lù ú pé «Lash», ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fi lẹ́tà kọ́ni láti òkèèrè lòun náà fi gbéra.

Níbí, lọ́dọ̀ wa, àwọn tí wọ́n wá síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwòrán tí Georgina Beier ṣe ní Mbari Mbayo, ilé ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà ní Ọ̀ṣogbo, ní 1964, inú ẹgbẹ́ òṣèré Dúró Ládiípọ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá. Ijó ni Twins Seven-Seven ń jó. Iná orí ìtàgé ni Jímọ̀ Búráímọ̀ ń tọ́jú kó tó di pé ayé mọ̀ ọ́n mọ́ àwòrán ìlẹ̀kẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ àwòrán, wọn ò fi eré sílẹ̀. Iṣẹ́ fọ́tòkọ́pì rẹ kò dí ọ lọ́wọ́ tó bí o ṣe rò.

Àwọn ará Jàpáánì tí ò ń wò yẹn, dín in kù sí ẹyọ kan. Yan àwòrán kan ṣoṣo, gbé pẹ́ńsù, yà á tẹ̀lé e kí o fi rí bó ṣe yí ọrùn ọwọ́ padà. Má wulẹ̀ gbé e síta bíi iṣẹ́ rẹ, ìwọ nìkan ló wà fún.

Ṣadé Ará Pẹ́kámù

Àdùkẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ láti London rèé. Gbogbo ohun tí wọ́n sọ ló dáa, àmọ́ kò sẹ́ni tó dáhùn ìbéèrè rẹ tó kẹ́yìn.

Èrò tèmi ni pé iṣẹ́ yìí kò sú ọ, ó rẹ̀ ọ́ ni. Ẹni tó dúró sídìí ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì láti àárọ̀ dalẹ́, tó tún fẹ́ ya ìwé àwọn ọmọdé láàgo mẹ́wàá alẹ́, kí ló fẹ́ kù nínú rẹ̀? Gbé e wá sí àárọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí o tó fọwọ́ kan fóònù. Ohun tó bá wà níwájú rẹ ni kí o yà: bàtà, kẹ́tùlù, ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń sùn. Inú bọ́ọ̀sì lèmi ti ń yà tèmi. Bí ẹni tí mo ń yà bá bọ́ sílẹ̀ láìparí, mo kọjá sórí ẹlòmíì nìyẹn.

Ya iṣẹ́ oníbàárà sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ò ń yà fún ara rẹ. Bó bá jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí o bá gbé pẹ́ńsù ni ẹnì kan ń dúró láti sọ pé kò dáa, ta ni kò ní sú?

O tún ní bébà lọ́fẹ̀ẹ́, àbí ẹ kì í ba bébà jẹ́ níbi fọ́tòkọ́pì yín? Ẹ̀yìn rẹ̀ funfun. Gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ, kó o jọ, fi pín-ìn-nì mú un pọ̀. Lórí ìwé ìyàwòrán olówó ńlá, ẹ̀rù á máa bà ọ́ pé o fẹ́ bà á jẹ́. Èyí ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀.

Ti tablet, sinmi ná. Ibis Paint, áàpù ìyàwòrán kan, wà lórí fóònù Android, ọ̀fẹ́ ni, ìpolówó ọjà kàn pọ̀ nínú rẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá wà níbi iṣẹ́, Krita tí wọ́n fi ń yàwòrán lórí rẹ̀ náà ọ̀fẹ́ ni.

Àdùkẹ́ Alápẹ́ńsù

Ẹ ṣeun gan-an. Bàbá, mo fi ọwọ́ lé ojú lóòótọ́, ó ṣe rẹ́gí! Ẹ̀gbọ́n Ṣadé, ọ̀rọ̀ bébà yẹn pa mí lẹ́rìn-ín, òní náà la da àpò kan nù.

Mo tún ní ìbéèrè kan. Bí mo bá fi àwọ̀ sí i, ara èèyàn mi máa ń ṣú, kò ní ẹ̀mí. Mo máa ń po búráùn, màá wá fi dúdú ṣe òjìji.

Ṣadé Ará Pẹ́kámù

Dúdú yẹn ni. Gbé e kúrò nínú àwo rẹ fún oṣù kan.

Lọ dúró lójú oòrùn kí o wo ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run ti kàn án á ní búlúù díẹ̀. Ibi òjìji á pọ́n rúsúrúsú. Bí oòrùn bá wà lẹ́yìn ẹnì kan, wo etí rẹ̀, pupa ló máa ń tàn. Kò sí dúdú lásán níbẹ̀. Nítorí náà, fi búráùn po búlúù tàbí àlùkò láti ṣe òjìji, kó má bàa kú. Iwájú orí, orí imú àti egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ máa ń dán lára wa ju bó ṣe ń dán lára òyìnbó lọ, má bẹ̀rù láti jẹ́ kó mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Ara sì máa ń gba àwọ̀ ohun tó sún mọ́ ọn. Ìyá tó wé gèlè àwọ̀ ìyeyè, díẹ̀ á wà ní ẹ̀bá ojú rẹ̀. Àwọn tó ń kọ́ ìyàwòrán látinú fọ́tò kì í rí èyí, torí fóònù ti jẹ ẹ́ nù.

Kí o tó fi àwọ̀ sí i rárá, fún ojú pọ̀ wò ó. Bí o kò bá mọ ojú yàtọ̀ sí aṣọ mọ́, ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ni kò tíì yàtọ̀ síra tó, kì í ṣe àwọ̀.

Atẹ̀wé Ṣómólú

Mo ń kà á látàárọ̀. Ẹ jẹ́ n fèsì sí Jẹ́jẹ́ Layé, torí àwọn oníbàárà AI yẹn, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń kó o wá.

Ojú ìwé àkọ́kọ́ máa ń dára. Ní ojú ìwé kẹta, irun ọmọ náà ti yí padà. Ní ìkẹfà, ilà ojú bàbá rẹ̀ ti lọ. Ẹnì kan gbé ìtàn kan wá tí wọ́n gbé gángan kọ́ onílù lọ́rùn bíi báàgì, kọ̀ǹgọ́ sì ṣe gbọọrọ láìtẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó ti rí onílù níbi ìgbéyàwó á bi ọ́ pé kí nìyẹn. Ìwé àwọn ọmọdé sábà máa ń jẹ́ ojú ìwé 32, torí a máa ń ká bébà ní mẹ́rìndínlógún mẹ́rìndínlógún. Ọmọ kan náà ló gbọ́dọ̀ rìn já gbogbo rẹ̀.

Àdùkẹ́, ibẹ̀ ni kí o ti mú un. Kí o tó ya ojú ìwé kankan, ya ọmọ náà sórí bébà kan: iwájú, ẹ̀gbẹ́, ẹ̀yìn, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń sunkún, tó ń sáré, pẹ̀lú aṣọ rẹ̀. Lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Òǹkọ̀wé tó bá rí bébà yẹn á mọ̀ pé o mọṣẹ́.

O ti mọ bí ìtẹ̀wé ṣe rí, ọ̀pọ̀ ayàwòrán ni kò mọ̀ ọ́n. Wọn á ya àwọ̀ ewé tó ń tàn yòò lójú kọ̀ǹpútà, á wá jáde lẹ́nu ẹ̀rọ wa bíi ẹ̀fọ́ tó rọ, torí wọn ò yí i sí CMYK, ìyẹn àwọ̀ mẹ́rin tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lò. Wọn á fi ojú ọmọ sí àárín ibi tá a ti máa di ìwé. Jẹ́ kí àwòrán yọ mílímítà mẹ́ta kọjá etí bébà, kó sì jẹ́ 300 dpi (àmì kékeré 300 nínú íǹṣì kọ̀ọ̀kan) ní ìwọ̀n tó máa jáde, inú gbogbo atẹ̀wé á máa dùn sí ọ. Àwa la ń juwe ayàwòrán fún àwọn òǹkọ̀wé.

Ẹni tó ní kí o tún AI òun ṣe, sọ iye rẹ fún un bí iṣẹ́ tuntun. Ìdajì owó kí o tó bẹ̀rẹ̀, àtúnṣe ẹ̀ẹ̀mejì, ìkẹta á lówó lórí. Kọ ọ́ sórí WhatsApp, kó dáhùn pé òun gbà. Bí kò bá gbà, jẹ́ kó máa lọ.

Jẹ́jẹ́ Layé

Kọ̀ǹgọ́ tí kò tẹ̀ 😂 Ẹ máa bínú, mo gba ti Atẹ̀wé. Àmọ́ ẹ ò gbọdọ̀ sọ fún un pé owó á tètè wọlé.

Bàbá Tádàwà

Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀. Èmi gan-an ń ṣe iṣẹ́ tíṣà nígbà tí mo ń ya tèmi.

Ọmọ Ẹ̀gbá

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n yà kúrò lórí ọ̀rọ̀ yìí díẹ̀. Tádàwà mi máa ń ṣàn lórí bébà ìwé ìyàwòrán tí mo ń rà. Irú bébà wo ni kí n wá l'Abẹ́òkúta?

Atẹ̀wé Ṣómólú

Lọ bá àwọn atẹ̀wé, bi wọ́n bóyá wọ́n ní àjákù bébà káàdì, gíráàmù 200 sí 250. Wọ́n máa ń gé e dànù ni. Má gba èyí tó ń dán, tádàwà kì í tètè gbẹ lórí rẹ̀.