Báwo ni afọn-trombone ṣe ń wọ ọ́kẹ́sírà Jámánì?

Ọmọ Òmù-Àrán:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Báǹdì ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Òmù-Àrán ni mo ti ń fọn trombone, fèrè tí à ń fa ọ̀pá rẹ̀, láti kékeré. Lọ́jọ́ Àjíǹde, tí a bá ń yí ìlú ká, àwọn ará ọjà á pa ọjà tì láti wá wò wá. Mo ti jáde yunifásítì, ìṣirò owó ni mo kà, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò kúrò lára fèrè yìí. Wọ́n ní owó ìlú ni wọ́n fi ń sanwó oṣù fún àwọn olórin ọ́kẹ́sírà ní Jámánì. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé wọ́n ń gba àlejò? Kí ni wọ́n máa ń ní kéèyàn fọn níbi ìdánwò? Sol-fa ló mọ́ mi lára. Staff, orin tí wọ́n kọ sórí ìlà márùn-ún, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni.

Bọ̀dá Ọ̀fà:
Àbúrò mi, o kú ìfẹ́ orin. Ọmọ Ọ̀fà ni mí. Bí ara ọ̀kan nínú àwọn afọn-trombone ilé opera kan níbí ò bá yá, èmi ni wọ́n máa ń pè kí n wá dí àyè rẹ̀. Ohun tí mo fojú rí ni mo fẹ́ sọ.

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ owó oṣù yẹn. Ọ́kẹ́sírà tí owó ìjọba ń gbé ró ní Jámánì lé ní 120. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wọn, unisono, ló ń bá àwọn agbanisíṣẹ́ jókòó lórí àdéhùn iṣẹ́ àti owó oṣù tí wọ́n ń pè ní TVK. Wọ́n sì ń gba àlejò. Níbi ìdánwò wọn, Probespiel, ọ̀pọ̀ ọ́kẹ́sírà máa ń ta aṣọ ìkélé ní ìpele àkọ́kọ́, kí ẹni tó ń gbọ́ ọ má baà mọ̀ bóyá dúdú ni ọ́ tàbí funfun. Àwọn olórin ọ́kẹ́sírà fúnra wọn ló ń dìbò. Bí ẹnikẹ́ni ò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, gbogbo yín lẹ máa padà sílé, wọn ò ní mú ẹnì kankan.

Concertino, orin trombone tí Ferdinand David kọ, ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń ní kó o fọn. Queisser, àgbà afọn-trombone ọ́kẹ́sírà Gewandhaus ní Leipzig, ni David kọ ọ́ fún ní 1837. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa mú ibi tó le jáde nínú orin ọ́kẹ́sírà: Tuba mirum inú Requiem Mozart, Bolero ti Ravel, Wagner tó ń fẹ́ agbára.

Ohun tí mo fẹ́ kí o gbọ́ gan-an rèé. Nínú báǹdì wa nílé, láti ìbẹ̀rẹ̀ orin dé òpin la ń fọn, kí ìró wa lè borí ìlù. Agbára kì í ṣe ìṣòro wa rárá. Ṣùgbọ́n wo Síńfónì Kìn-ín-ní ti Brahms. Trombone mẹ́ta á jókòó jẹ́ẹ́ ní ìpín mẹ́ta àkọ́kọ́, bí ìdajì wákàtí, wọn ò ní fọn nóòtì kan. Ìgbà tí ìpín kẹrin bá dé, Brahms á wá gbé orin kan bíi hímù lé wọn lọ́wọ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ètè ti tutù, fèrè ti tutù, ẹni àkọ́kọ́ sì gbọ́dọ̀ mú nóòtì A òkè láìgbọ̀n. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ yìí wà, kì í ṣe ibi ariwo. Nítorí náà, gbé trombone rẹ sílẹ̀ fún ìdajì wákàtí, ṣe nǹkan mìíràn. Lẹ́yìn náà gbé e, má dán an wò, fọn hímù kan bí ẹni tí ọmọ ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni kó o máa ṣe é.

Staff yẹn, tètè mọ̀ ọ́n: bass clef, ọ̀kan lára àmì ìbẹ̀rẹ̀ ìlà tó ń sọ ibi tí nóòtì wà, nìkan ò tó, tenor clef àti alto clef náà ń bẹ. Sol-fa rẹ ò ṣòfò, òun ló là ọ́ létí. Hochschule für Musik, ilé-ẹ̀kọ́ gíga orin wọn, ni kó o kọ́kọ́ wá.

Àǹtí Tánkẹ̀:
Àbúrò mi, mi ò mọ trombone, ṣùgbọ́n àbúrò mi ọkùnrin ń kàwé ní Jámánì, èmi ni mo sáré ìwé rẹ̀ láti Ìlọrin. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ wọn kì í gba owó ilé-ìwé, àmọ́ Baden-Württemberg ń gba 1,500 euro ní sáà kan lọ́wọ́ àwa tí a kì í ṣe ará Yúróòpù. Fún físà, wọ́n á ní kó o fi owó tí wàá fi gbé ibẹ̀ fún ọdún kan sí àkáǹtì tí wọ́n ń pè ní Sperrkonto. Láti 2024, ó ti di 11,904 euro. Bá àwọn òbí rẹ sọ ọ́ ní gbangba. Kó o sì bẹ̀rẹ̀ èdè Jámánì báyìí, má dúró de físà.

Ọmọ Òmù-Àrán:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Àǹtí, Ọlọ́run á san án fún yín. Trombone mi ò ní fáàfù, ohun tí à ń tẹ̀ láti yí ohùn fèrè padà, rárá. Ṣé kí n tọ́jú owó ra ti Jámánì?

Bọ̀dá Ọ̀fà:
Má ì rà á, ó wọ́n. Tòkunbọ̀ tó bá ní F fáàfù, irú èyí tí Sattler ṣe ní Leipzig ní 1839, ti tó ọ. Kó o tó sanwó, gbé e dúró, tú ìdè ọ̀pá tí à ń fà. Bí ọ̀pá náà ò bá sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Tuba mirum ò nílò fáàfù. Fi èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ fọn ọ́n, gbà á sórí fóònù, kó o fi ránṣẹ́ sí mi. Màá gbọ́ ọ, màá sì sọ ohun tí mo gbọ́ fún ọ.