Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ọ̀gá ń da àbúrò mi láàmú lókè òkun

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́. Àbúrò mi obìnrin ń ṣiṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ lókè òkun, ilé ọ̀gá náà ló ń sùn. Baálé ilé ti ń wọlé tọ̀ ọ́ lóru, yàrá rẹ̀ kò sì ní kọ́kọ́rọ́. Ó sọ fún ìyàwó ilé, ìyẹn ní irọ́ ló ń pa. Ìwé ìrìnnà rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn.

Mo mọ̀ pé Àdéhùn 189 ti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé, ti ọdún 2011, ní kí òṣìṣẹ́ ilé máa tọ́jú ìwé ìrìnnà rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó dáa, àmọ́ ta ni yóò kà á sí ọ̀gá yẹn létí? Ètò kafala, ìyẹn ètò tó so ìwé ìgbélùú òṣìṣẹ́ àjèjì mọ́ ọ̀gá rẹ̀, ni wọ́n ń lò níbẹ̀: tó bá sá jáde, ọ̀gá lè fẹjọ́ rẹ̀ sùn pé ó sá níbi iṣẹ́, kí wọ́n wá mú òun gan-an.

Ẹni tó bá ti rí irú èyí rí, ṣé ilé iṣẹ́ aṣojú ìjọba wa ni kó kọ́kọ́ sá lọ àbí ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá? Báwo ló ṣe lè tọ́jú ẹ̀rí tí wọn ò fi ní rí i lórí fóònù rẹ̀? Ẹ má sọ pé kó fara dà á o, ajẹ́ńtì tó mú un lọ ti sọ ìyẹn.