Èsì: Nader kì í ṣe "olùdíje arọ́pò"

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó o.

Mo ti pinnu tẹ́lẹ̀ pé n kò ní dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ìyẹn orúkọ tó yẹ ká fi túmọ̀ "third-party candidate" ní Yorùbá. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń ka èsì lórí èsì, tí mò ń mi orí, tí mo sì ń pa kọ̀ǹpútà dé. Àfìgbà tí àbúrò wa tó ń túmọ̀ ìròyìn kọ ọ́ lánàá pé "gbogbo wa ti fẹnu kò sí i." Rárá o. Ẹnu tèmi ò sí níbẹ̀.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, gbólóhùn tó dá ìjà sílẹ̀ nìyí, inú ìtumọ̀ rẹ̀ ni mo ti mú un: "Jill Stein àti Cornel West jẹ́ olùdíje arọ́pò nínú ìdìbò ààrẹ Amẹ́ríkà ọdún 2024." Àwọn tó ń dupò láìsí nínú ẹgbẹ́ Eléerin tàbí ẹgbẹ́ Oníkẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló ń wá orúkọ fún. (Mo mọ̀ pé inú á bí àwọn kan pé n kò kọ Rìpọ́bílíkà àti Dẹ́mókíráàtì. Nígbà tí àwọn bàbá wa pe Action Group ní Ọlọ́pẹ nítorí ọ̀pẹ tó wà lára àmì rẹ̀, ta ni wọ́n tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀?)

Arọ́pò. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ló ti ń rùn. Ta ló wà láàárín wa tí wọn ò kọ́ ní ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ? "Adé ra bàtà. Ó wọ̀ ọ́." Ìgbà tí Adé kúrò lójú ọ̀nà ni "ó" tó wọlé. "Ó" kì í bá Adé du ìjókòó. Ipò kan, ẹni kan. Bí onípò bá wà lórí ìjókòó rẹ̀, kò sí ohun tí a ń rọ́pò. (Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má mú ọ̀rọ̀ ohùn òkè tó máa ń wà láàárín olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe, èyí tí àwọn kan fi ń sọ pé "ó" kì í ṣe arọ́pò-orúkọ, wọ ibí. Mo mọ ẹni tó fẹ́ mú un wá. Ìjà yẹn ti ju ọjọ́ orí mi lọ.)

Ọ̀jọ̀gbọ́n wa kọ̀wé pé arọ́pò afarajorúkọ máa ń jókòó ti orúkọ láìlé e dìde: "Èmi Adé ni mo sọ bẹ́ẹ̀." Òótọ́ ni, ẹ ṣeun sà. Ṣùgbọ́n ẹnì kan náà ni "èmi" àti "Adé" níbẹ̀. Ṣé ẹnì kan náà ni Stein àti Harris, olùdíje Oníkẹ́tẹ́kẹ́tẹ́?

Ohun tó tiẹ̀ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dùn mí ni pé ọdún 2024 yẹn gan-an ni arọ́pò tòótọ́ ṣẹlẹ̀ lójú gbogbo ayé. Ọjọ́ 21 oṣù Keje, Biden ní òun ò díje mọ́. Harris, igbákejì rẹ̀, bọ́ sí ipò tó ṣí sílẹ̀. Arọ́pò pọ́ńbélé nìyẹn! Bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́dún 1972, tí Eagleton tó yẹ kó ṣe igbákejì McGovern yọwọ́, tí wọ́n fi Shriver rọ́pò rẹ̀. Bí a bá wá gbé orúkọ yìí fún Stein, kí la máa pe Harris? Àbúrò wa ní òǹkàwé á fi òye gbé e. Òye òǹkàwé kọ́ la ní kó lò, tirẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Detroit ni mò ń gbé. Nínú oṣù Kọkànlá ọdún náà, mo dúró nídìí tábìlì kékeré tí wọ́n fi páálí gé lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, bíró lọ́wọ́ mi, ìwé ìbò níwájú. Orúkọ Robert Kennedy Jr., tó dupò láìsí nínú ẹgbẹ́ méjèèjì, wà níbẹ̀ gbagidi. Bẹ́ẹ̀, ó ti yọwọ́ láti ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ, ó ti ní ẹ̀yìn Trump lòun wà, ó sì ti gba ilé ẹjọ́ lọ pé kí wọ́n yọ orúkọ òun kúrò nínú ìwé ìbò Michigan. Wọ́n ní kò ṣeé yọ. Mo wo ojú róbótó kékeré tó wà níwájú orúkọ rẹ̀, èyí tí a máa ń fi bíró kùn, mo bú sẹ́rìn-ín, obìnrin tó ń ṣọ́ wa sì gbójú sókè. Ipò wà, onípò ti lọ, kò sì sẹ́ni tó rọ́ sí i. Bí arọ́pò bá ní òdìkejì, òun nìyẹn. Ẹ má bi mí léèrè èyí tí mo kùn.

Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin ní Manchester mú "olùdíje ẹlẹ́ẹ̀kẹta" wá. Èyí sàn, mo kí wọn, ṣùgbọ́n iye ni "ẹlẹ́ẹ̀kẹta" ń kà, iye sì máa ń dani. Ẹ wo ọdún 1912. Taft ni ààrẹ tó wà lórí oyè, Eléerin ni. Theodore Roosevelt bínú jáde kúrò nínú ẹgbẹ́ yẹn, ó lọ dá tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì díje. Nígbà tí wọ́n kà á tán, Wilson ti Oníkẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ní ìbò àwọn aṣojú (àwọn aṣojú ìpínlẹ̀ tó ń yan ààrẹ) 435, Roosevelt ní 88, Taft ní 8 péré. Ààrẹ tó wà lórí àga ló ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹta! Ṣé Taft ni ẹ fẹ́ máa pè bẹ́ẹ̀? Àti pé nínú ìwé ìbò tí mo dì mú lọ́jọ́ yẹn, Stein wà, Kennedy wà, West wà, Chase Oliver náà wà. Èwo ni ẹlẹ́ẹ̀kẹta nínú wọn, èwo ni ẹlẹ́ẹ̀kẹrin?

Inú gírámà tí àbúrò wa ti ṣi ọ̀nà yẹn náà ni mo ti rí tèmi. Ẹni kìíní ló ń sọ̀rọ̀. Ẹni kejì la ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni kẹta la ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, kò sí níbẹ̀ tàbí kó wà níbẹ̀ kí wọ́n má kọjú sí i. Ẹ sọ fún mi, kí ni wọ́n ń ṣe fún àwọn èèyàn yìí ní Amẹ́ríkà tó ju ìyẹn lọ? Lọ́dún 2000, ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò àríyànjiyàn àwọn olùdíje nígbà náà ní ẹni tí kò bá ní ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún nínú ìwádìí èrò ará ìlú kò gbọdọ̀ gun orí pèpéle. Ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn ní Boston, Ralph Nader, olùdíje ẹgbẹ́ Green, mú tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ lọ síbi àríyànjiyàn náà, tíkẹ́ẹ̀tì yàrá ìwòran lásán o, kì í ṣe pé ó fẹ́ gun pèpéle. Wọ́n dá a padà lẹ́nu ọ̀nà. Bush ń bá Gore sọ̀rọ̀, Gore ń bá Bush sọ̀rọ̀, Nader wà níta tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni kẹta.

Olùdíje ẹni-kẹta, nígbà náà. "Wọn" náà, ẹni kẹta ni, ẹni kẹta ọ̀pọ̀, nítorí náà bí wọ́n bá pọ̀ tó ogún nínú ìwé ìbò, orúkọ náà gbà wọ́n. Mo mọ ibi tó ti máa ta mí lẹ́sẹ̀: Ross Perot, olówó tó dupò láìsí nínú ẹgbẹ́ méjèèjì. Lọ́dún 1992 ó gun pèpéle náà, ó bá Clinton àti Bush bàbá sọ̀rọ̀ lójúkojú nínú gbogbo àríyànjiyàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì rí nǹkan bí ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ìbò. Ìbò àwọn aṣojú tó rí kò pé ẹyọ kan, òdo ni. Ọdún 1996, wọ́n dá a padà sí ipò ẹni kẹta, wọn ò jẹ́ kó gun pèpéle mọ́. Ìyẹn ni pé lọ́dún 1992, gírámà mi jáni kulẹ̀.

Ẹni tó dábàá "abètòjẹ́" fún irú Nader yìí, ẹ forí jìn mí, ẹ ti dájọ́ kí ẹlẹ́rìí tó dé. Lóòótọ́, ìbò 537 ni Bush fi borí Gore ní Florida, Nader sì ní 97,488 níbẹ̀. Èmi fúnra mi rò pé ó dá kún un. Ṣùgbọ́n kí orúkọ sọ irú ẹni tí èèyàn jẹ́, ká fi ẹ̀sùn sílẹ̀ fún gbólóhùn. "Apínbò" tí òmíràn mú wá ńkọ́? Ẹni tó ń pín ìwé ìbò fún ará ìlú lọ́jọ́ ìdìbò nìyẹn lẹ́nu tèmi. Ká tètè kọjá níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí bàbá wa, babaláwo, sọ ni kò jẹ́ kí n sùn. Wọ́n ní inú dídì ìbò Ifá ni "dìbò" ti wá: ẹyọ owó lọ́wọ́ kan, egungun lọ́wọ́ kejì, ọwọ́ kẹta kò sí. Wọ́n wá fi yangàn pé èdè wa ti mọ ẹgbẹ́ méjì kí Amẹ́ríkà tó mọ̀ ọ́n. Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ni ìbò yín ń dáhùn, ó rí bẹ́ẹ̀ tàbí kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Maine, láti 2018, olùdìbò ń to àwọn olùdíje léra ni, ẹni tó wù ú jù, ẹni tó tẹ̀lé e, ẹni tó tún tẹ̀lé e. Bí ti àkọ́kọ́ bá jábọ́, ìbò rẹ̀ á ṣí lọ sọ́dọ̀ ẹnìkejì. Lọ́dún 2020 wọ́n fi dìbò ààrẹ. Ọwọ́ mélòó ni wọ́n máa fi dì yẹn? Àti pé ẹ̀yin tí ẹ kọ "di" lóhùn àárín, tí ẹ ní ohun kan náà kọ́ ni pẹ̀lú "dì," ẹ rántí "kà" tó ń di "ka ìwé". Ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ máa ń gòkè díẹ̀ bó bá pàdé ọ̀rọ̀-orúkọ. "Dì" ni. N kò ní yẹ̀ lórí èyí.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìyapa wọn, èyí tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan pè ní "ìsọdòpóméjì". Òpó? Òpó tó gbé òrùlé ró? Òpó méjì tó bá gbé ilé kan ró ti fẹnu kò! Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ òyìnbó, "polarization", ó rí òpó ("pole") nínú rẹ̀, ó sì gbé e lérí kalẹ̀. "Pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ" náà kò bá a mu, torí ìyẹn ti ju méjì lọ.

Ní agboolé ìyá mi ní Ìkìrun, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan wà, ọmọ ìyá kan náà. Ẹ̀gbọ́n ń ṣe Ọlọ́pẹ. Àbúrò bá Akíntọ́lá lọ sí Dẹ́mọ̀. Ẹnu ọ̀nà wọn kọjú síra, àgbàlá kan ló wà láàárín. Lọ́dún wẹ́tìẹ̀, 1965, àbúrò pe bíríkìlà, ó ní kó dí ẹnu ọ̀nà tó kọjú sí àgbàlá, kó lu òmíràn sẹ́yìn ilé. Títí mo fi dàgbà ni àmì rẹ̀ ṣì wà lára ògiri amọ̀ yẹn, bíríkì tó dá yàtọ̀, bí aṣọ tí wọ́n fi aṣọ mìíràn lẹ̀. Ìyá mi àgbà á nàka sí i: "Wọ́n kẹ̀yìn síra, ilé wọn náà kẹ̀yìn síra."

Ìkẹ̀yìnsíra. Kí la tún ń wá? Ẹ wo ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà. Òfin Medicare (ìlera àwọn àgbàlagbà) ti 1965, àwọn Eléerin tó dìbò fún un kò kéré. Òfin ìlera Obama ti 2010, nígbà ìdìbò ìkẹyìn, kò sí Eléerin kan ṣoṣo. Òfin owó orí Trump ti 2017, kò sí Oníkẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan ṣoṣo. Bíríkì ti dí ẹnu ọ̀nà àgbàlá. Ládùúgbò mi, àwọn méjì wà tó jẹ́ pé odi onígi kan náà ló pín ilé wọn. Ọ̀kan gbé pátákó Harris sójú koríko, èkejì gbé ti Trump. Oṣù méjì ni wọn ò fi yá ara wọn ní ẹ̀rọ ìgékoríko tí wọ́n máa ń jọ lò.

Sí ẹni tó bi mí pé ilé ìwé wo ni mo ti kọ́ Yorùbá tí mo fi ń bá ọ̀jọ̀gbọ́n jiyàn: ọ̀dọ̀ ìyá àgbà tó ń nàka sí ògiri yẹn ni. Bí ẹ bá ní ìwé ẹ̀rí tó ju ìyẹn lọ, ẹ fi hàn wá.

Ohun kan ṣì ń yọ mí lẹ́nu nínú tèmi, kí n tó fún yín ní pàṣán tí ẹ máa fi nà mí. "Ẹni-kẹta" ni mo kọ, ohùn àárín lórí "ni". Mo rí i pé àwọn kan ti ń kọ "ẹnìkẹta" tẹ̀lé mi, ohùn ìsàlẹ̀, bí ìgbà tí a bá ń pe ẹnìkejì ẹni. Èmi fẹ́ ti gírámà. Ṣùgbọ́n mo kà á sókè fún ìyàwó mi lẹ́ẹ̀mẹta lálẹ́ àná, ó sì ní lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohùn ìsàlẹ̀ lòun ń gbọ́ lẹ́nu mi.