Ìjọ wa ń lọ sí Freetown fún iṣẹ́ ìhìnrere, a ti kó aṣọ jọ, wọ́n wá ní kí á má kó aṣọ wá

Akọ̀wéMíṣọ̀n:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá ìjọ yín rìnrìn àjò ìhìnrere rí. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ míṣọ̀n ní ìjọ Áńgílíkà kan níbí ní Abẹ́òkúta. Àwa 14 là ń lọ sí Freetown nílẹ̀ Sàró, Sierra Leone táwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pè é, ọ̀sẹ̀ kejì oṣù January la máa gbéra, ọjọ́ 12 la máa lò. Ó ti lé lọ́dún kan tá a ti ń dáwó, àwọn ìyá kan ń ta mọ́ínmọ́ín lẹ́yìn ìsìn kí owó tíkẹ́ẹ̀tì lè pé.

Ìdí tá a fi mú Sàró ni pé ibẹ̀ ni ìhìnrere gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, Freetown ni wọ́n já wọn sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, àwọn náà ló sì gbé e padà wálé. Ajayi Crowther tí wọ́n mú ní Òṣogùn ní 1821, Freetown ló balẹ̀ sí ní 1822, ìgbà tó wá dé Abẹ́òkúta níbí ní 1846 ló tó fojú kan ìyá rẹ̀, ọdún 25 gbáko. Mi ò lè sọ ìtàn yẹn tán kí ojú mi má rọ omi. Torí ẹ̀ ni fíkà wa ṣe ní gbèsè la fẹ́ lọ san.

Wàhálà tó wà nílẹ̀ rèé. Oṣù mẹ́ta làwọn ẹgbẹ́ ìyá fi gba aṣọ jọ. Tẹ́ ẹ bá dé yàrá táwọn akọrin ti ń wọ ẹ̀wù, báàgì Ghana-must-go mọ́kànlá ló tò síbẹ̀, òmíràn ti ya létí, bùbá ń yọ lára ẹ̀, jíìnsì ń yọ, kódà kóòtù òtútù wà níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni àlùfáà tó fẹ́ gbà wá lálejò, abúlé kan lórí òkè lẹ́yìn Freetown ni ìjọ rẹ̀ wà, fi lẹ́tà ránṣẹ́. Ó dúpẹ́ dúpẹ́, ó ní àmọ́ kí á jọ̀ọ́ kí á má kó aṣọ wá, aṣọ kún ọjà àwọn. Ó ní nǹkan mẹ́ta lòun ń fẹ́, kí ẹni tó mọ ọmọ kọ́ wá jókòó ti àwọn tíṣà Sunday school òun, kí ẹnì kan wá bá àwọn wo kíbọ́ọ̀dù ìjọ tí kò dún mọ́, àti awò ìkàwé fáwọn àgbà tí wọn ò lè ka Bíbélì mọ́. Ó tán.

Mo kà á sétí ìgbìmọ̀, gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Ìyá Ẹgbẹ́ ò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi túká. Àwọn ọ̀dọ́ náà ti ní àwọn máa gbé jẹnẹrétọ̀ àti lásípíkà lọ ṣe kúrúséèdì lójú ọjà, bẹ́ẹ̀ ẹni tó kọ lẹ́tà ò dárúkọ kúrúséèdì rárá. Báwo ni mo ṣe máa bá àwọn ìyá yìí sọ ọ́? Ẹ tún bá mi sọ ohun tó yẹ ká mọ̀ nípa páásípọ́ọ̀tù, abẹ́rẹ́ àti owó, torí nínú wa àwọn méjì péré ló wọ ọkọ̀ òfurufú rí, mi ò fẹ́ kó ọmọ ọlọ́mọ sí ìyọnu.

ỌmọÀlùfáà:
Ẹ̀gbọ́n akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ẹ gba ti àlùfáà yẹn, ẹ jọ̀ọ́. Abúlé kan ní Òkè-Ògùn ni bàbá mi ti ṣiṣẹ́ àlùfáà nígbà tí mo wà ní kékeré, àwọn àlejò wá láti ìlú òyìnbó, wọ́n kó páálí aṣọ rẹpẹtẹ wá, inú wa dùn lọ́jọ́ náà a jó a yọ̀. Ìgbà tí wọ́n lọ tán la rí i pé aṣọ onírun ló pọ̀ jù níbẹ̀, ìbọ̀wọ́ wà níbẹ̀, bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo wà níbẹ̀. Bàbá mi ò lè dà á nù torí ẹ̀bùn ni, kò sì sẹ́ni tó máa wọ̀ ọ́, bó ṣe wà nínú fẹ́sìrì nìyẹn títí eku fi bímọ sínú ẹ̀. Ohun tí bàbá mi sì ń wá lọ́dún yẹn, tó bẹ Ọlọ́run títí, páànù mẹ́rin ni, ibi tó ń jò ò ju ìyẹn lọ. Kò sẹ́nì kankan nínú wọn tó bi í. Tiyín ti sọ tiẹ̀ fún yín kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, oore ńlá lẹ rí gbà yẹn.

AjíhìnrereỌjà:
Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀ o, ṣùgbọ́n "ẹ lọ" ni Jésù wí, kò ní kí á lọ tún kíbọ́ọ̀dù ṣe. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n pa iná mọ́ àwọn ọ̀dọ́ yẹn lára. Aṣọ, ẹ fi sílẹ̀, mo gbà. Ìwàásù, ẹ má fi sílẹ̀.

FàmásítìÌjọ:
Lórí abẹ́rẹ́: ti ibà pọ́njú ni wọ́n máa bi yín, káàdì yẹn gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ oníkálukú. Kí ẹni tí ò gbà á rí lọ gbà á, ó kéré tán ọjọ́ 10 kẹ́ ẹ tó gbéra torí kò tíì kà tí kò bá pé bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti gbà á tẹ́lẹ̀ tí káàdì rẹ̀ ṣì wà ò nílò òmíràn, láti 2016 ni wọ́n ti gbà pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó fún gbogbo ayé ẹni. Ẹ má ra ayédèrú káàdì o, ẹ̀mí ni. Ẹ̀fọn wọn ò yàtọ̀ sí tiwa, ẹ gbé nẹ́ẹ̀tì dání.

Tẹ́nikẹ́ni bá tún ní kẹ́ ẹ kó páálí oògùn dání, ẹ sọ fún un pé ó dìgbà tí àwọn tó ń mójú tó oògùn níbẹ̀ bá fún yín níwèé. Ẹgbẹ́ kan tí mo bá lọ sílẹ̀ òkèèrè rí, páálí mẹ́rin ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wa ní pápákọ̀ òfurufú, mo sì mọ̀ nínú ọkàn mi pé wọn ò jẹ̀bi, oògùn tó ku oṣù méjì kó bàjẹ́ wà nínú ẹ̀. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní tí oògùn ọrẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tá a fún, ó yẹ kó ṣì ku ọdún kan ó kéré tán.

Ti awò, ẹ má pín in bí ẹni ń pín búrẹ́dì. Ẹ gbé Bíbélì sílẹ̀, kí mama kọ̀ọ̀kan fi awò tí agbára ẹ̀ jẹ́ +1.50 wò ó, kó fi +2.00 wò ó, èyí tó bá fi kà á nírọ̀rùn ni tiẹ̀. Ẹni tí ọ̀ọ́kán ń ṣe bàìbàì fún, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ júwe fún un.

BàbáTóGbéSàró:
Ọdún mẹ́fà ni mo fi ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Freetown. Páásípọ́ọ̀tù wa ò nílò fíísà níbẹ̀, àdéhùn ECOWAS ti 1979 fún wa ní ọjọ́ 90, ẹ ṣáà rí i pé ti oníkálukú ṣì ku oṣù mẹ́fà. Aago wọn fi wákàtí kan dín sí tiwa. Lungi ni ọkọ̀ òfurufú máa já yín sí, omi ńlá ló wà láàárín ibẹ̀ àti ìgboro, ọkọ̀ ojú omi lẹ máa wọ̀ sọdá, ọ̀nà ilẹ̀ wà àmọ́ ó yí lọ jìnnà. Kí ẹnikẹ́ni má jókòó láìwọ jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Leone ni wọ́n ń ná, ní 2022 wọ́n gé òdo mẹ́ta kúrò lára ẹ̀, ẹ sì máa rí ọlọ́jà tó ń fi owó àtijọ́ pe nǹkan, ẹ má bẹ̀rù, ẹ rọra béèrè.

Ti kúrúséèdì, Ajíhìnrere ẹ má bínú, ẹ gbọ́ tèmi. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù níbẹ̀, wọ́n sì ń bára wọn gbé bíi tiwa nílẹ̀ Yorùbá, bàbá lè jẹ́ Lèmọ́mù kí ọmọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ọmọ Yorùbá Mùsùlùmí tí wọ́n ń pè ní Oku wà ní Fourah Bay títí dòní. Lásípíkà àlejò lójú ọjà láìbi onílé ò dáa. Ẹ jẹ́ kí àlùfáà yẹn fúnra rẹ̀ sọ ibi tí wọ́n ti máa wàásù. Ohun kan tún wà tó ká mi lára. Tó bá jẹ́ apá Regent ni abúlé yẹn, òkè ya lulẹ̀ níbẹ̀ ní August 14, 2017, ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan èèyàn tó kú tàbí tí wọn ò rí mọ́. Kí ọ̀dọ́ kankan má lọ gbẹ́nu lé e pé ẹ̀ṣẹ̀ ló fà á. Ẹ bẹ̀ wọ́n. Ẹ kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n.

ÌyáAláàánú:
Akọ̀wé, ọmọ mi, ọ̀nà tó o gbà sọ ọ́ ló dun Ìyá Ẹgbẹ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹn. Ṣé ìpàdé ló yẹ kí ìyá àgbà ti gbọ́ pé iṣẹ́ oṣù mẹ́ta òun ti já sófo? Mú ẹnì kan dání, lọ sílé wọn nírọ̀lẹ́, kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ èyí tó bá kàn ẹ́, fi lẹ́tà yẹn lé wọn lọ́wọ́ kí wọ́n fojú ara wọn kà á. Àwa náà ti bára wa níbẹ̀ rí, bàsá la fi aṣọ náà ṣe lẹ́yìn ìsìn, owó tó wọlé la fi ra ohun tí wọ́n béèrè. Kí Ìyá Ẹgbẹ́ ṣe alága ẹ̀, wàá rí i.

Akọ̀wéMíṣọ̀n:
Ẹ ṣeun mà, ẹ ṣeun gbogbo yín. Mo lọ lánàá. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì, awò tiwọn fúnra wọn ni wọ́n ń fi aṣọ nù, wọ́n wá ní "àwọn àgbà tí ò lè ka Bíbélì mọ́, háà." Bàsá di Sunday tó ń bọ̀.

Akọ̀wéMíṣọ̀n:
Láti Freetown nìyí o! Mo ní kí n má jẹ́ kí ó tutù. Bàsá gbé owó awò 300 wọlé, àwọn ìyá ló kà wọ́n sínú àpótí níkọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ òfurufú pẹ́ kó tó gbéra ní Èkó, ilẹ̀ ti ṣú ká tó dé Lungi. Nígbà tá a dórí omi, àwọn ìyá méjì tó bá wa wá di ara wọn mú, wọn ò wo ọ̀tún wọn ò wo òsì, iná Freetown ń tàn lórí òkè lọ́ọ̀ọ́kán, ni ọ̀kan nínú wọn bá sọ pẹ̀lẹ́ pé "bí wọ́n ṣe kó wọn dé rèé." Kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀ títí a fi gúnlẹ̀.

Ẹni tó wá pàdé wa ní "kushe o", a rò pé ẹ kúṣẹ́ ló ń kí wa, a dáhùn pé "adúpẹ́ o", òun náà rẹ́rìn-ín. Àárọ̀ ọjọ́ kejì wọ́n gbé àkàrà wá, àkàrà ni wọ́n ń pè é lóòótọ́, àmọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìyẹ̀fun ìrẹsì ni wọ́n fi din ín, ó dùn. Mama kan tún sọ fún wa pé àwọn ń ṣe àwùjọ fún òkú àwọn lọ́sẹ̀ náà, àwùjọ gan-an ló pè é, ó ní ìyá ìyá òun sọ pé Aku làwọn, orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn Yorùbá níbẹ̀ láyé àtijọ́. Ìyá Ẹgbẹ́ dì mọ́ ọn.

Kíbọ́ọ̀dù ti dún, wáyà iná ló já nínú ẹ̀. Àwọn tíṣà Sunday school mẹ́sàn-án ló bẹ̀rẹ̀ lónìí. Àwọn ọ̀dọ́ wa ò gbé lásípíkà wá, àlùfáà mú wọn kiri ilé dé ilé, ó jọ pé wọ́n fẹ́ràn ẹ̀ ju bí wọ́n ṣe rò lọ.

Fàmásítì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn wa: +2.50 ti tán láàárín wákàtí méjì, +1.00 ṣì kún àpótí, kò sẹ́ni tó mú un. +3.00 ni kí wọ́n rà wá.