Ẹ sọ tiyín: ọjọ́ tí ìwọ́de ká yín mọ́ ọ̀nà mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì n'Ìbàdàn

Ọmọ Àgúgù
Ẹ ǹlẹ́ níbí o. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi fa ọ̀rọ̀ yìí lánàá títí ọbẹ̀ fi tutù. Ó ní ẹni tó bá dí ọ̀nà mọ́ ẹni tó ń lọ jọ́sìn ti dẹ́ṣẹ̀. Mo ní ẹni tí kò gbọ́ igbe aráàlú ló dẹ́ṣẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbà fún ẹnì kejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wàásù fún wa, ìrírí la fẹ́. Ṣé ẹ wọlé, àbí ẹ padà sílé?

Akọrin Mólété
Ọjọ́ Àìkú kan lóṣù Kẹwàá 2020, nígbà tí ọ̀rọ̀ SARS, àwọn ọlọ́pàá tí aráàlú ní kí ìjọba tú ká, ń gbóná. Ọmọkùnrin kan ní Challenge já ẹ̀ka igi, ó fi há wáípà ọkọ̀ mi, ó ní, "Mọ̀mí, ewé yìí ni páàsì yín." Lóòótọ́, gbogbo ibi tí mo dé ni wọ́n ń yà fún mi. Mo gbàgbé láti yọ ọ́. Ẹni tó ń darí ọkọ̀ nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì wò mí títí: "Mà, ṣé wọ́n ti gbé Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ wá sí oṣù Kẹwàá ni?"

Aláàárọ̀ Ìwó Road
Dóńgóyárò ni àbí máńgòrò? Torí wọn kì í gba máńgòrò lọ́dọ̀ wa 😂

Akọrin Mólété
Orí fẹ́ńsì ẹlẹ́ni ló ti já a. Mi ò béèrè orúkọ igi.

Ọmọ Ìdí-Àrẹ
Tiyín dáa, ewé lẹ rí. Òkú lèmi gbé.

Bàbá tó bí bàbá mi kú ní Sángo ní ìdájí ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejì oṣù Kẹjọ 2024. Ẹ rántí pé ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ẹ̀ ni ìwọ́de ebi bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà ní lẹ́yìn Jímọ̀ ni ká kírun sí bàbá lára nísàlẹ̀ Ọjà'ba, níbi tó ti ń kírun láti kékeré. A dé Mọ́kọlá, ọkọ̀ ò lè kọjá. Táyà ń jó, èéfín ti bo afárá. Bọ̀ọ̀dá mi sọ̀kalẹ̀ lọ bẹ̀ wọ́n. Kí n tó ṣẹ́jú, bí ọmọkùnrin mẹ́jọ ti dé ìdí ọkọ̀, wọ́n gbé bàbá tòun ti pákó tó wà lábẹ́ ẹ̀, ó di orí èjìká. Àwọn tó kù ń la ọ̀nà: "Ẹ yà fún òkú! Ẹ yà fún òkú!" Mo ń sunkún, mo ń dúpẹ́.

Àfi bí ẹnì kan ṣe pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Ebi ló pa á!" Ó parí. Orin yí padà. Dípò kí wọ́n kọrí sí Òkè-Pádi, wọ́n fẹ́ yà sọ́nà Sẹkitéríàtì, wọ́n ní kí àwọn aláṣẹ wá fojú rí i. Bàbá ẹni ọdún 91, tó jẹ àmàlà lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ tó ṣáájú! Aṣọ funfun ti tú lápá ẹsẹ̀, mo ń wo àtàǹpàkò bàbá. Bọ̀ọ̀dá mi di pákó mú lẹ́yìn, ó ń fà, àwọn náà ń fà. Ọmọ kan tó wọ jẹ́ẹ̀sì Chelsea ló gbà wá. Ó dojú kọ wọ́n: "Ẹ̀yin wèrè yìí, bàbá ẹlòmíì mà nìyẹn!" Wọ́n bá yí bàbá padà, wọ́n bá wa gbé e kọjá iná, a sì rí ọkọ̀ míì lódì kejì. Jímọ̀ ti tán ká tó dé, àmọ́ àwọn àgbà dúró dè wá.

Aláàárọ̀ Ìwó Road
Àmàlà lẹ́ẹ̀mejì 😭😭😭

Tísà Ẹlẹ́yẹlé
Irọ́ ńlá. Mo wà ní Mọ́kọlá lọ́jọ́ yẹn, mi ò rí òkú kankan.

Ọmọ Ìdí-Àrẹ
Ṣé ká lọ hú u wá kẹ́ ẹ wá wò ó ni?

Ìyá Ìbejì Òde-Ajé
Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Wọ́n sọ bàbá ẹni ẹlẹ́ni di páálí ìwọ́de. Tí ọmọ tó wọ jẹ́ẹ̀sì ò bá sí níbẹ̀ ń kọ́?

Aláàárọ̀ Ìwó Road
Ìyá Ìbejì, tí àwọn yòókù náà ò bá sí níbẹ̀, inú ọkọ̀ ni bàbá ì bá sùn mọ́jú. Àwọn kan náà ni.

Díákónì Àná
Ìjọba ni wọ́n ń bá jà nínú gbogbo èyí tí ẹ sọ, olùjọsìn kàn kó sí i láàárín ni. Tiwa, ṣọ́ọ̀ṣì gan-an ni wọ́n wọ́de wá bá. Wọ́n gbé àlùfáà tí ìjọ fẹ́ràn kúrò láìbi wá léèrè. Ọjọ́ Àìkú tí tuntun máa dé, àwọn ìyá ìjọ ti fi ṣéènì de géètì, wọ́n gbé páálí, wọ́n ń kọrin. Ìyàwó mi ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Màmá mi, ẹni ọdún 84, tẹ̀pá dé: "Ìyàwó, ṣí i fún mi. Kì í ṣe àlùfáà ni mo bá wá, Jésù ni." Kò ṣí i. Màmá jókòó sórí búlọ́ọ̀kù lẹ́bàá gọ́tà, wọ́n ṣí ìwé orin, wọ́n dá ṣe ìsìn látòkè délẹ̀, wọ́n tilẹ̀ gba ọrẹ lọ́wọ́ ara wọn. Títí dòní, ọ̀rọ̀ géètì ò tíì tán nílé mi.

Tísà Ẹlẹ́yẹlé
Ìyàwó yín jẹ̀bi. Ẹ̀tọ́ wọn ni páálí, ṣéènì kọ́.

Ìyá Ìbejì Òde-Ajé
Ta ló jẹ̀bi? Lẹ́tà mélòó ni wọ́n kọ kó tó kan ṣéènì? Ẹ̀yin ọkùnrin ìgbìmọ̀ kì í gbọ́, àfi tí irin bá dún.

Díákónì Àná
Lẹ́tà mẹ́ta. Èmi ni mo bá wọn tẹ̀ ẹ́.

Lọ́yà Ìyágankú
Ìwé òfin 1999 ti yanjú ẹ̀. Abala 38 ni ìjọsìn, 40 ni ìpéjọ, 41 ni ìrìnkèrindò. Kò sí èyí tó gun orí èkejì, abala 45 ló sì ní òfin lè dín wọn kù nítorí ààbò àti ẹ̀tọ́ ẹlòmíì. Láti 2007 ni Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ti ní ẹni tó fẹ́ wọ́de ò nílò ìwé àṣẹ ọlọ́pàá, Òfin Ọlọ́pàá 2020 sì ní kí wọ́n dáàbò bo ìpéjọ ni. Ní Mọ́kọlá yẹn, ọlọ́pàá ló yẹ kó ya ojú ọ̀nà kan sọ́tọ̀ fún òkú, kí ìwọ́de máa lọ lódì kejì.

Aláàárọ̀ Ìwó Road
Àwọn tí mo mọ̀, tajútajú ni wọ́n fi ń la ọ̀nà.

Ọmọ Bẹẹrẹ ní Toronto
Ìgbìmọ̀ ìlú ṣòfin ẹ̀ fún wa níbí ní 2025. Ilé ìjọsìn tó bá tọrọ ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi ìwọ́de dí èèyàn lọ́nà tàbí dẹ́rù bà á láàárín mítà 50 sí i. Vaughan tó múlé tì wá ti ṣe tiwọn ní 2024, mítà 100. Ọ̀rọ̀ Gásà ló gbé ìwọ́de dé ẹnu ọ̀nà sínágọ́gù. Mo ti rí ìyá kan tó di ọwọ́ ọmọ ẹ̀ mú, tó ń fẹ̀gbẹ́ rìn wọlé níbẹ̀. Kò dùn ún wò.

Aláàárọ̀ Ìwó Road
Mítà 50 ní Bẹẹrẹ, ọmọ Bẹẹrẹ? Kó o tó kà á dé 50, wàá ti kan mọ́ṣáláṣí méjì, ṣọ́ọ̀ṣì kan, àti ilé àdúrà tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù aláṣọ. Orí páànù la ó ti máa wọ́de nìyẹn.

Ọmọ Bẹẹrẹ ní Toronto
Ó dùn mí pé òótọ́ lẹ sọ. Ohun tí àwọn kan ń bá wọn jà sí níbí náà nìyẹn.

Bàbá Ágbówó
Ẹ̀yin ò rí nǹkan. Ní nǹkan bí 1985 sí 1986, nínú Yunifásítì níbí, àgbélébùú tó wà níta Ṣọ́ọ̀ṣì Àjíǹde ló dá wàhálà sílẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí ní òun làwọn ń kọjú sí táwọn bá ń kírun ní mọ́ṣáláṣí àwọn. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì ní kò ní kúrò níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà gbóná dé ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ tó wà l'Ékòó nígbà náà. Ìgbẹ̀yìn ẹ̀, wọ́n mọ ògiri sáàárín. Ẹ lọ wò ó.

Ìyá Ìbejì Òde-Ajé
Kò sẹ́ni tó máa dárúkọ eégún Olóòlù ni? Ọdún kan, a wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní ó ń bọ̀ ládùúgbò. Obìnrin ò gbọ́dọ̀ fojú kàn án, a ti gbogbo fèrèsé. Pásítọ̀ rí i pé kò sí obìnrin tó lè jáde, wọ́n bá tún ìwàásù bẹ̀rẹ̀. Wákàtí méjì!

Ọmọ Ọ̀jẹ̀
Ẹ má fi Olóòlù wé táyà tó ń jó. Ìjọsìn lòun náà ń lọ.

Ìyá Ìbejì Òde-Ajé
Mo mọ̀. Àmọ́ ìjọsìn yín ló tì mí mọ́nú ìjọsìn tèmi. Ìrẹsì mi sì wà lórí iná nílé.

Tísà Ẹlẹ́yẹlé
Ó jó?

Ìyá Ìbejì Òde-Ajé
Ìkòkò gan-an jó.

Díákónì Àná
Ìyàwó mi ti ka gbogbo ohun tí mo kọ síbí. Ó ní kí n sọ fún yín pé kọ́kọ́rọ́ méjì ni ṣéènì yẹn ní, kí n lọ bi màmá mi léèrè ìkejì.