Àìsàn ti lọ, ìgbádùn ò tíì dé

Ọmọ Adó:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi, kẹ́ ẹ wá fi tiyín kún un.

Ọmọ ọdún 22 ni mí. Ìsoríkọ́ àti ìpayà ló lé mi kúrò ní yunifásítì wá sílé. Mo lo oògùn, mo sì ń rí ẹni tó ń bá mi sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lọ́sibítù, wọ́n máa ń fún mi ní ìwé kan tí wọ́n ń pè ní PHQ-9, ìbéèrè mẹ́sàn-án: ṣé oorun ń wá, ṣé oúnjẹ ń lọ, ṣé ikú ń wù mí. 27 ni máàkì tó burú jù níbẹ̀. Bó bá ti wà lábẹ́ 5, àìsàn ti kásẹ̀ nílẹ̀ nìyẹn. Tèmi já sí 3. Màmá mi jó! Wọ́n gúnyán, wọ́n ránṣẹ́ pe àwọn ẹ̀gbọ́n wọn ní Ìyìn. Mo jẹ iyán náà bí ẹni ń jẹ òwú. Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún?

Ìgbà tí mo padà lọ ni dókítà mú ìwé mìíràn jáde, WHO-5. Ìbéèrè márùn-ún péré, kò sì sí èyí tó béèrè ìbànújẹ́ nínú wọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ṣé inú rẹ ń dùn? Ṣé ọkàn rẹ balẹ̀? Ṣé okun wà lára rẹ? Ṣé ara máa ń tù ọ́ tó o bá jí? Ṣé ohun tó wù ọ́ ń bẹ nínú ohun tó ò ń ṣe lójoojúmọ́? 25 ló dára jù. Mo gba 9. Inú mi dùn sí 9 yẹn ju 3 àkọ́kọ́ lọ, torí ó jẹ́ kí n mọ̀ pé kì í ṣe abaraámóorejẹ ni mí.

Dókítà ní kí n má fi oògùn sílẹ̀, pé ó kéré tán, èèyàn ń lò ó fún oṣù mẹ́fà sí i lẹ́yìn tí ara bá ti yá. Wọ́n tún ní kí n má dúró kí nǹkan wù mí kí n tó ṣe é. Ni mo bá ń tẹ̀lé àbúrò mi lọ gbá bọ́ọ̀lù. Kò dùn rárá níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá ni mo ṣàdédé rí i pé mò ń bú rẹfirí.

Ohun tó ń dùn mí ni pé bí mo bá sùn pẹ́, àwọn ará ilé á kanlẹ̀kùn. Bí mo bá rẹ́rìn-ín jù, wọ́n á máa wojú ara wọn.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́:
Ẹ̀rín yẹn gan-an! Tèmi, àwọn tá a jọ wọlé ti wọ kákí àgùnbánirọ̀, èmi ṣì wà nílé. Orí òkè ni wọ́n kọ́kọ́ gbé mi lọ. Mi ò bá wọn jà, àdúrà ò pààyàn, àmọ́ oògùn ló jẹ́ kí n sùn. Iṣẹ́ télọ̀ ló wá fún mi láyọ̀. Bí oníbàárà bá ń retí aṣọ ọdún Ùdìròkò ní Adó, kò bìkítà bóyá o ṣàìsàn rí. Ó fẹ́ aṣọ rẹ̀. Ìyẹn tù mí lára.

Ará Ọ̀yẹ́:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rù ṣì ń bà mí pé àìsàn yìí máa padà wá.

Ọmọ Adó:
Àbúrò mi, ó lè padà, mi ò ní purọ́ fún ọ. Wọ́n ní kí n kọ àwọn àmì tèmi sílẹ̀, èyí tó máa fi hàn pé ó ń padà bọ̀: kí n má gbé fóònù, kí n máa jí láàárín òru, kí n má fẹ́ wẹ̀. Bí mo bá ti rí méjì, mo gbọ́dọ̀ lọ sọ́sibítù. Àǹtí mi nìkan ni mo fún ní ẹ̀dà rẹ̀. Bí màmá mi bá rí i, ògiri pálọ̀ ni wọ́n máa lẹ̀ ẹ́ mọ́.